Ilé Títà Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìkánjú

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé olóṣù mẹ́ta wa

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ẹ mọ̀ mọ́ wa. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè wá síwájú, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ni a máa ń gbé dání. Lónìí, a kò gbé ẹ̀rọ kankan wá. Ọ̀rọ̀ ilé títà ni a fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ dópin, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé tiwa lórí ilé kan gbé ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa sókè.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìwé pélébé tí wọ́n ń tì gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé: "A ó ra ilé yín, bí ó ti wù kí ó rí. Owó lọ́wọ́. Ọjọ́ méje." Ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti rí i lórí fóònù. Àwọn kọ́ńpìnnì tó ń fi owó ọwọ́ ra ilé kíákíá ni. A kò wá síbí láti sọ pé olè ni gbogbo wọn. Òfin kò ní kí wọ́n má ṣòwò, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ohun tí a wá sọ ni bí òwò náà ṣe ń lọ, ibi tí ó ti ń gbé ènìyàn ṣubú, àti ohun tí ó yẹ kí ìdílé bi ara rẹ̀ kí ó tó mú bírò. Òfin ilẹ̀ England àti Wales ni a ń sọ o. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Scotland, kí ó bi lọ́yà ibẹ̀, nítorí òfin tiwọn yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìyá ọkọ wa jẹ́ ìpè Olódùmarè. Ọdún 1971 ni Màmá dé ìlú yìí. Ó fọ ilẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, ó tọ́jú arúgbó ní òru, ó sì ra ilé kan ní Plumstead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, ní ọdún 1986. Inú ilé yẹn ni a kọ́kọ́ sùn sí nígbà tí a dé láti Ìbàdàn ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí a ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì parí nílé. Yàrá kékeré tí ó wà lókè ìdáná ni Màmá fún wa. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa títí orúkọ wa fi wọ ìwé NMC. Ọmọ mẹ́ta ni Màmá fi sílẹ̀: Ẹ̀gbọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ wa wà níbí, àbúrò wọn obìnrin sì wà ní Houston ní Amẹ́ríkà.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní tiwa, omijé bo ojú wa, a kò ríran rárá. Ẹ̀gbọ́n ti mú ọjọ́ ìsìnkú sí ìparí oṣù kìíní. Wọ́n ti gba gbọ̀ngàn, wọ́n ti yan aṣọ ẹbí, màlúù ti wà lórí ìwé. Owó ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé òkú Màmá lọ sílé nìkan ti tó ohun tí ń mú ni mí kanlẹ̀. Ìwé pélébé kan sì wà lórí ẹní ẹnu ọ̀nà Màmá. A pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀.

Ọkùnrin tó gbé fóònù náà, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó bá wa kẹ́dùn. Ní ọjọ́ kejì ó ti wà nílé Màmá, ó rìn yíká, ó ní £300,000 ni kọ́ńpìnnì òun yóò san, pé láàárín ọjọ́ méje owó yóò ti wọ báǹkì. Ó gbé ìwé ojú-ewé mẹ́rin kalẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Ọkọ wa fọwọ́ sí i, àwa sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ gbọ́ o: àwa tí ó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni a ń sọ fún aláìsàn pé, "Ẹ má fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ bí kò bá yé yín," a fọwọ́ sí ìwé ilé láìka ojú-ewé kejì. Ojú ń tì wá bí a ti ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n nítorí èyí gan-an ni a fi ń sọ ọ́.

Ọjọ́ méje kọjá, owó kò dé. Kò tilẹ̀ lè dé. Orúkọ Màmá nìkan ló wà lórí ilé. Bí ẹni tó ni ilé bá kú, tí kò bá sí ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ni ín, àwọn tí ó yàn láti pín ogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní probate. Ènìyàn lè pàtẹ ilé fún títà kí ìwé náà tó jáde, ṣùgbọ́n kò lè parí títà rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni tiwa jáde. Nígbà yẹn, a ti sin Màmá tán. Owó èsúsú, owó tí àwọn ọmọ dá, àti owó tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi kún un ni a fi sìn ín. A kò tí ì gbàgbé o, ẹ ṣeun. Nítorí náà, ohun tí ó mú wa sáré ti kọjá, ṣùgbọ́n ìwé tí a fọwọ́ sí ṣì dè wá mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kejì, wọ́n rán ẹni tó ń yẹ ilé wò wá. Ó ní ara ògiri ń mu omi. Owó di £285,000. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn, ọkùnrin olóhùn tútù tún pè. Ó ní ọjà ti dẹnu kọlẹ̀, pé £252,000 ni ó kù, kí a sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ìjà dé. Ẹ̀gbọ́n ní kí a gbà á, pé gbèsè ìsìnkú ń yọ òun lẹ́nu. Àbúrò tó wà ní Houston ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ìyàwó ni ó ń dí ọ̀nà, àwa ni wọ́n sì ń bá wí. A dé láti iṣẹ́ òru ní àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kan, a kò bọ́ bàtà, a jókòó ti ìwé ojú-ewé mẹ́rin yẹn, a kà á. Ojú-ewé kejì ní a kò gbọdọ̀ ta ilé fún ẹlòmíràn fún oṣù mẹ́fà. Ó ní kọ́ńpìnnì lè fi àkíyèsí sí orí ìwé ilé náà ní Land Registry, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á lè mọ̀ pé ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Ó ní bí a bá yẹ̀, a ó sanwó.

A kò lo lọ́yà tí wọ́n mú wá fún wa mọ́. A wá tiwa. Ó kọ ìwé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n tú wa sílẹ̀, a sì san £1,200. Lẹ́yìn náà a pe ejẹ́ńtì mẹ́ta tó ń bá ni ta ilé, wọ́n wò ó, a yan ọ̀kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ilé náà tà ní £347,000, pẹ̀lú ògiri tó ń mu omi náà. Nígbà tí a yọ owó ejẹ́ńtì àti £1,200 yẹn kúrò, ohun tí ó wọlé fi ohun tó lé ní £85,000 ju £252,000 lọ. Oṣù mẹ́rin ni Ẹ̀gbọ́n kò fi bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìpín wọn dé ọwọ́ wọn, wọ́n pè. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, o ṣeun." A jókòó sórí àtẹ̀gùn, a sunkún bí ọmọdé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo bí òwò yìí ṣe rí. Kọ́ńpìnnì tó ń ra ilé kíákíá gbọ́dọ̀ jèrè. Owó pọ́ọ́kú ni ó fi ń rà, kí ó lè tún un ṣe, kí ó sì tà á ní owó ọjà. Ní ọdún 2013, Office of Fair Trading, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ òwò nígbà náà kí wọ́n tó tì í pa ní 2014, ṣe ìwádìí lórí wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé owó tí àwọn kọ́ńpìnnì wọ̀nyí ń san sábà máa ń fi ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín sí owó ọjà. Bí ilé yín bá tó £300,000, £30,000 sí £75,000 nìyẹn. Owó ìyára ni. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń san án, tí ó sì nídìí, kò ṣìṣe. Ẹni tí kò mọ̀ ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Ìwádìí kan náà tún sọ nípa àwọn ìwà tí kò dára. Àwọn kan máa ń parọ́ iye tí ilé tó. Àwọn kan máa ń já owó lulẹ̀ nígbà tí ó bá ku díẹ̀, tí onílé ti di ẹrù, tí kò lè padà mọ́. Àwọn kan máa ń fi ìwé de onílé. Àwọn kan kì í sọ gbogbo owó tí wọn yóò gbà. Nígbà tí a kà á, ó dà bí ẹni pé wọ́n wà lórí tábìlì ìdáná Màmá pẹ̀lú wa.

Ẹ tún mọ èyí: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní òun yóò ra ilé ni ó lówó lọ́wọ́. Àwọn kan, alágbàtà lásán ni wọ́n. Bí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé tán ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá olówó kiri, bí wọn kò bá sì rí i, àkókò yín ti ṣòfò. Ó sì ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ pé níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìfilọ̀ owó kò de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹ bá pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn ni títà tó di òótọ́. Títí di ọjọ́ náà, wọ́n lè yí owó padà, ẹ̀yin náà sì lè yẹ̀, àfi bí ẹ bá ti fọwọ́ sí irú ìwé tí àwa fọwọ́ sí.

Ní ibi iṣẹ́ wa, ní ẹ̀ka pàjáwìrì, nọ́ọ̀sì kan máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ara kàn ń ro. Àwọn méjèèjì ń jẹ̀rora, àwọn méjèèjì ń kígbe, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè dúró, èkejì lè dúró. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilé, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà fún ara yín. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà ni, àbí ó kàn ń ro yín? Ìsìnkú kì í ṣe ìdí láti ta ilé láàárín ọjọ́ méje. Ẹ dín màlúù kù. Màmá kò ní bínú. Ìkọ̀sílẹ̀ pàápàá, bí ó ti dunni tó, ó ní àkókò tirẹ̀ ní kóòtù.

Ẹni tí gbèsè mọ́gẹ́ẹ̀jì ń lé, a mọ̀ pé tirẹ̀ le. Tọkọtaya kan tí a mọ̀, oṣù mẹ́ta ni wọn kò san owó báǹkì. Wọn kì í ṣí lẹ́tà mọ́, inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Wọ́n ti fẹ́ ta ilé ní ìdajì owó. A bẹ̀ wọ́n, a jókòó tì wọ́n, a ṣí lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báǹkì kò lè kàn wá ti ilẹ̀kùn pa. Ó gbọ́dọ̀ bá onílé jíròrò, kí ó wo ọ̀nà mìíràn, kí gbígba ilé lọ́nà kóòtù sì jẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, ètò kan wà ní England àti Wales tí wọ́n ń pè ní Breathing Space: ó lè dá ọwọ́ olówó dúró fún ọgọ́ta ọjọ́ lórí gbèsè tó wà nílẹ̀, bí olùgbaninímọ̀ràn gbèsè bá fi orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ ó ṣì máa san owó oṣooṣù mọ́gẹ́ẹ̀jì o, ṣùgbọ́n ẹ ó rí àyè mí. Citizens Advice àti StepChange kì í gba owó. Tọkọtaya náà ṣì wà nínú ilé wọn.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìyára pọn dandan, kì í ṣe ọ̀nà kan ló wọ ọjà. Ẹ lè sọ fún ejẹ́ńtì pé ẹni tó ní owó lọ́wọ́ nìkan ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì dín owó díẹ̀. Ẹ lè gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo. Níbi gbàǹjo àtijọ́, bí òòlù bá ti balẹ̀, àdéhùn ti dè wọ́n. Olùrà sábà máa ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lójú ẹsẹ̀, kí ó sì san ìyókù láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ lè yan iye tí kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Kọ́ńpìnnì náà sì wà níbẹ̀. Arábìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní fúláàtì tí líìsì rẹ̀ ti kù díẹ̀, báǹkì kò sì fẹ́ yá ẹnikẹ́ni lówó lé e. Ó fẹ́ padà sílé. Ó mọ iye tí ilé rẹ̀ tó, ó mọ iye tí òun ń pàdánù, ó lo lọ́yà tirẹ̀, ó tà á fún kọ́ńpìnnì. Owó náà dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó sì ń jẹ iṣu tuntun ní Adó-Èkìtì báyìí. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ṣe nǹkan mẹ́fà yìí.

Èkíní, ẹ mọ iye tí ilé yín tó. Ẹ pe ejẹ́ńtì mẹ́ta, wọn kì í gba owó láti wò ó. Ẹ tún wo iye tí ilé àwọn aládùúgbò tà. Land Registry kó o jọ láti ọdún 1995, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n wò, ẹ pe ọmọ yín.

Èkejì, ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń ra ilé yìí?" Kí wọ́n fi ẹ̀rí owó hàn fún lọ́yà yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá lọ́yà fúnra yín. Ẹni tí ó ń bá yín ná ọjà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò yan adájọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bèèrè bóyá wọ́n wà nínú ètò The Property Ombudsman, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Òfin mú ejẹ́ńtì ní dandan láti wà nínú irú ètò ìfẹjọ́sùn bẹ́ẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó ń ra ilé fún ara rẹ̀, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni ó fi ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ẹ sùn lé e lórí. Bí ẹni tó gbé e wá bá bínú, ìbínú rẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Ẹ̀kẹfà, ẹ rántí owó orí. Ilé tí ẹ ń gbé fúnra yín kì í sábà ní owó orí lórí èrè. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ fi háyà, tàbí ilé kejì, lè ní in, bí ó bá sì ní in, láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, ọgọ́ta ọjọ́ péré ni ẹ ní láti kéde rẹ̀ fún HMRC kí ẹ sì san án. Ẹni tó ti padà sí Nàìjíríà tí ó sì ta ilé rẹ̀ níhìn-ín gbọ́dọ̀ kéde, bí kò tilẹ̀ sí owó orí tí yóò san.

Fún ẹni tí ó jẹ́ ilé ogún bíi tiwa, ẹ má jẹ́ kí ilé òfìfo dẹ́rù bà yín. Ní England, ilé tí olóògbé fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé kì í san owó káńsù títí probate yóò fi jáde, àti fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ìdúró wa, owó káńsù bí oṣù kan ni a san. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn adójútòfò pé kò sí ẹni nínú ilé, kí wọ́n má baà rí ìdí kọ̀ yín bí páìpù bá bẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wa, ẹ̀yin òbí ni a fi ń bẹ̀. Ẹ kọ ìwé ìhágún yín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ibi tí ìwé ilé wà. Ẹ sọ irú ìsìnkú tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ pamọ́ sọ́tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ilé tí ẹ fi ogójì ọdún òru rà ni wọn yóò fi ọjọ́ méje tà. Kì í ṣe owó nìkan ni Màmá fi sílẹ̀ fún wa. Ọmọ mẹ́ta tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ó fi sílẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kí a pàdánù ìyẹn pẹ̀lú.

Ẹni tí ìwé kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, tí kò tí ì fọwọ́ sí i, kí ó mú un wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé. Lọ́yà kọ́ ni wá o, a kò sì ní ṣe bí lọ́yà. Ṣùgbọ́n a ó bá a ka ojú-ewé kejì.

Ilé kò ní jó, ọ̀nà kò ní nà wá. Ire o.